Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ tó bá tẹ̀lé ọ̀fìnkìn ni malaria o

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta torí ó ń dùn mí gan-an. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa ní Mushin níbí, géńdé ni, Ìdúmọ̀tà ló ti ń ru ẹrù. Ikọ́ àti ibà mú un, ara ẹ̀ ò tíì yá tán tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìgbà tó yá ó wá ń mí gúlegúle, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wọn tán kó má dúró di ògiri mú, tó bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí ikọ́ á gbé e dìde, ló bá ń jókòó sùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú débi pé sílípáàsì ò wọ̀ ọ́ mọ́. Kẹ́míìsì gún un lábẹ́rẹ́ malaria, wọ́n tún fún un ní ti typhoid, ìyá ẹ̀ ra àgbo, àwọn ará ilé kan ti ń sọ pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù tí wọ́n ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, àti scan ọkàn fún un la tó gbọ́ pé fáírọ́ọ̀sì ikọ́ yẹn ló ti kó wọ ọkàn ẹ̀, ẹran ọkàn ti wú, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́.

Myocarditis ni àwọn dókítà ń pè é. Flu lè fà á, Covid náà lè fà á.

Tàwọn àgbà tó ní bíípíì tàbí ṣúgà tún wá le jù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ontario, Kánádà, tó jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé láàárín ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí tẹ́ẹ̀sì bá ti fi hàn pé flu ló ń ṣe èèyàn, ewu heart attack máa ń tó ìlọ́po 6. Ìlọ́po 6 o! Ẹ̀yin màmá wa, ẹ má dá oògùn bíípíì dúró torí pé ẹ ń lo ti ikọ́, àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan gan-an máa ń gbé bíípíì sókè, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé e mì.

Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá tẹ́ ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sunday náà, tí ibà bá wà lára yín ẹ má bọ́ sí fíìdì, ẹ má sọ pé òógùn á lé e jáde. Ẹni tí myocarditis bá mú, dókítà lè ní kó má ṣe eré ìdárayá kankan fún oṣù 3 sí 6.

Olóòtú, ẹ bá wa gbé e sójú ewé ìlera yín, kí àwọn oníkẹ́míìsì náà lè rí i: ẹni tí àyà bá ń dùn tàbí tí kò lè mí dáadáa lẹ́yìn ikọ́, kí wọ́n má tún gún un lábẹ́rẹ́ malaria mìíràn, kí wọ́n ní kó lọ ṣe ECG lọ́jọ́ náà.

Òǹkàwé yín,
Mushin, Èkó