Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kì í Dá Rìn: Lẹ́tà sí Olóòtú láti Kabba

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Mo kí yín láti Kabba, okun o. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú àmójútó èdè wa. Lẹ́tà yìí dá lórí ojú ewé tí ẹ máa ń yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí ń múra ìdánwò, níbi tí ẹ ti ń to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá tí ó ta kókó láti òkè dé ilẹ̀, tí ẹ sì ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹyọ kan sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀. Mo mọ̀ pé inú rere ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè wa yìí, mo sì ti rí ohun tí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ń bà jẹ́ nínú ìwé wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń yẹ àròkọ wò ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo ń ṣe fún àwọn tí yóò jókòó fún JAMB. Ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ràn ìwé gidigidi kọ nípa bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ àgbẹ̀. Mo bá gbólóhùn yìí pàdé nínú rẹ̀: "My father is seventy but he is still obdurate." Mo pè é, mo ní kí ó sọ ohun tí ó ní lọ́kàn fún mi ní Yorùbá. Ó ní, "Sà, bàbá mi ti pé àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì le." Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ hàn mí. Bírò pupa ni ó fi kọ "obdurate", ó fàlà sí i nídìí, ó sì kọ "le" sí iwájú rẹ̀. Bàbá tí ọmọ fẹ́ yìn pé ara wọn ṣì dá ṣáṣá, tí wọ́n ṣì ń kọ ebè, ni ọmọ náà wá pè ní ọlọ́kàn líle tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, torí ohun tí "obdurate" ń jẹ́ gan-an nìyẹn. "Hale" ni ọ̀rọ̀ tí ó ń wá kiri, "strong" tí ó sì ti mọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ì bá ti tó o. N kò bá a wí. Ohun tí wọ́n fún un ni ó lò.

Àwa tí a ń sọ Yorùbá mọ̀ pé iṣẹ́ le, ara le, ọkàn le, ilẹ̀ le, òògùn le. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹni tí ó bá a rìn ni ó ń sọ irú líle tí à ń wí. Bí a bá wá gé "le" kúrò lára àwọn tí ń bá a rìn, tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ èwo nínú wọn ni a ní lọ́kàn? Bákan náà ni "yá": ẹni tí ó gba owó yá owó, ẹni tí ó fún un náà yá a lówó, ṣùgbọ́n "borrow" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ti àkọ́kọ́, "lend" sì ni ti èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni a ń gbọ́ ariwo, tí a ń gbọ́ òórùn, tí a tún ń gbọ́ èdè, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ ọ́ pé àwọn "hear" òórùn ọbẹ̀.

Mo máa ń fi oko yé wọn, torí oko ni wọ́n ti ń bọ̀. A ń wa iṣu ni, a ń ya àgbàdo, a ń ká ọsàn, a ń já ẹ̀fọ́, a sì ń hú ẹ̀gẹ́. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ lọ ká iṣu, ọmọ ọdún márùn-ún ní Kabba yóò wò ó lójú, yóò mọ̀ pé àlejò ni. Òyìnbó lè fi "harvest" kan ṣoṣo kó iṣu àti àgbàdo nílẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní ibi tí ó ti ń yan ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá rìn: òjò ńlá ni "heavy rain", ṣùgbọ́n ìjì tàbí afẹ́fẹ́ ńlá ni "strong wind", ẹni tí ó bá sì kọ "strong rain" ti sọ fún olùyẹ̀wò pé àlejò ni òun. Ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò mọ ẹni tí ó ń bá a rìn kò tí ì mọ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n bi àwa ará Okun, àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, ní ìbéèrè kan. Nílé wa, Owé ni a ń sọ. Ẹlòmíràn ń sọ Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀. Yorùbá tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí kọ́ ni ìyá mi fi ń pè mí wá jẹun. Ta ni ó wá kọ́ wa ní in? Kò sí ẹni tí ó to ọ̀rọ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá síwájú wa. A gbọ́ Bíbélì tí wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, a kọ orin ìyìn, a gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, a sì ka ìwé ìròyìn bíi tiyín. Mo rántí ọ̀rọ̀ náà "ìdáǹdè". Ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo gbọ́ ọ nínú Sáàmù, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà obìnrin kan tí ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ tí ó wà lẹ́wọ̀n, mo tún bá a pàdé nínú orin, títí ó fi di ọjọ́ kan tí èmi fúnra mi lò ó nínú àdúrà tí kò sì sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe di ọlọ́rọ̀ nínú Yorùbá inú ìwé nìyẹn, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ọ̀nà yìí kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì tí ó jinlẹ̀ ń gbà wọlé.

Ẹ wo Samuel Ajayi Crowther, tí ó bá ọkọ̀ ìwádìí ọdún 1841 dé ibi tí odò Ọya àti odò Benue ti pàdé ní Lọ́kọ́ja. Ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú ni nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1822. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà, òun ti lè ka Májẹ̀mú Titun ní Gẹ̀ẹ́sì dé ìwọ̀n àyè kan. Ní 1843, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ jáde. Ìwé kíkà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó di ẹni tí ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún ẹlòmíràn.

Àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà ti fún wa ní ìwọ̀n tí a lè fi díwọ̀n iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa. Paul Nation ti Yunifásítì Victoria ní Wellington, ní New Zealand, ṣírò rẹ̀ ní 2006 pé ẹni tí yóò ka ìwé ìròyìn tàbí ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì láìsí olùrànlọ́wọ́ nílò ẹbí ọ̀rọ̀ bí 8,000 sí 9,000, kí ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ 2 péré ni yóò ṣàjèjì sí i nínú 100. Ẹbí ọ̀rọ̀ ni ó pè é: "decide", "decision", "decisive" àti "undecided" jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Bí ẹ bá ń fún àwọn ọmọ ní mẹ́wàá lọ́sẹ̀, 520 ni wọn yóò rí gbà lọ́dún, kódà bí wọn kò bá gbàgbé ìkankan. Averil Coxhead náà tẹ àkójọ tirẹ̀ jáde ní 2000, ẹbí ọ̀rọ̀ 570 tí ó ń tún ara rẹ̀ wí nínú ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ó sì kó nǹkan bí ìdá mẹ́wàá gbogbo ọ̀rọ̀ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. "Establish", "interpret", "significant" àti "assume" ni irú èyí tí ó wà níbẹ̀. Kò sí gírámà ńlá nínú wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń dá ọmọ wa dúró nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ti ìjọba, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi "obdurate" lọ̀ wọ́n.

Ní kíláàsì mi báyìí, ọ̀rọ̀ kan ni ó ń gba ojú ewé kan. Ọmọ yóò kọ́kọ́ da gbólóhùn tí ó ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé kọ látòkè délẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá àwọn tí ń bá a rìn àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, kí ó tó wá kọ gbólóhùn tirẹ̀ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ níhìn-ín. Ọmọkùnrin kan mú abala ìwé ìròyìn àtijọ́ wá, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń pọ́n àkàrà, epo ti mu ún débi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń hàn sí iwájú. Ìròyìn nípa ẹ̀gẹ́ ni, "yield" sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mọ ẹ̀gẹ́ dáadáa, ó sì fi ìmọ̀ oko mọ̀ ọ́n pé ohun tí ilẹ̀ so fún àgbẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó bá "refused to yield" pàdé nínú ìwé mìíràn, ó sì wá bá mi pé, "Sà, ṣé ẹ̀gẹ́ ni èyí náà ni?" Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju bí ó bá ti há ogún ọ̀rọ̀ sórí lọ. Àtúnpàdé yìí ni ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jókòó. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti fi ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1885 pé kíákíá ni èyí tí a há sórí ń ṣí lọ, àti pé àtúnwò tí a fi ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀ sí àárín rẹ̀ ni ó ń dì í mú.

Ẹ̀yà ara ọ̀rọ̀ náà wúlò. Ọmọ tí ó mọ "àì" nínú àìsàn àti àìgbọ́ràn yóò tètè mọ iṣẹ́ tí "un" àti "in" ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra, torí "invaluable" kì í ṣe ohun tí kò níláárí. Ohun tí iye rẹ̀ kọjá kíkà ni.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ fi ìpínrọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú kan rọ́pò ọ̀rọ̀ mẹ́wàá yẹn, ìlà mẹ́fà tàbí méje, lórí ohun tí ọmọ wa mọ̀: iṣu, òjò, kọfí, ọ̀nà tí ó bàjẹ́. Kí ẹ fàlà sí ọ̀rọ̀ méjì péré nínú rẹ̀, kí ẹ fi gbólóhùn Yorùbá odidi ṣàlàyé wọn, kí ẹ sì tún mú ọ̀rọ̀ méjì kan náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àti lẹ́yìn oṣù kan nínú ìpínrọ̀ mìíràn. Bí ọwọ́ yín bá kún jù, mo ṣetán láti máa kọ ìpínrọ̀ náà ránṣẹ́ sí yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi yóò sì máa fi gbólóhùn tiwọn ránṣẹ́ kí ẹ lè tẹ èyí tí ó bá wù yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan,
Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogí.