Yétúndé, Bàbá ní àwọn fẹ́ padà sí Káírò

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Ìṣáì

Yétúndé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, Tọ́lá àti àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ kì í jẹ́ kí o rí orun sùn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi pè ọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ ní ìṣẹ́jú méjì kí nẹ́tíwọọ̀kì tó já mọ́ ọn lẹ́nu.

Bàbá fẹ́ padà lọ sí Íjíbítì, mo sì ti pinnu pé mo máa mú wọn lọ.

O rántí bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn ìgbà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Mísírà fún wa, tí ìwọ á jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wa, tí wàá máa da ìbéèrè bò wọ́n ju àwa ọmọ inú ilé lọ. Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, ìtàn ọ̀hún ti di ojoojúmọ́. Lẹ́yìn àwẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní, “Sìdíkátù, mo fẹ́ kí Jímọ́ọ̀ kan sí i nínú mọ́sálásí Azhar.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fa Àlùkùránì wọn, wọ́n ń ka nǹkan wọn lọ.

Mi ò tíì sọ bí ìgbàgbé wọn ṣe rí báyìí fún ọ. Wọ́n lè kí Àlàásàrì tán, kí wọ́n tún gbé kẹ́tùlù lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n á ní àwọn ò tíì kírun. Lọ́jọ́ kan, orúkọ Màmá ni wọ́n fi pè mí, mo sì jẹ́ ẹ, torí mi ò mọ nǹkan mìíràn tí ǹ bá ṣe. Ṣùgbọ́n dárúkọ Káírò! Kíá ni ìka wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí tábìlì: ibí ni Azhar, òdìkejì rẹ̀ ni mọ́sálásí Husayn, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ọjà Khan el-Khalili, ibí yìí ni ọkùnrin tó ń ta ẹ̀wà máa ń dúró sí láàárọ̀, òun àti ìkòkò rẹ̀ ọlọ́rùn tín-ín-rín tí ẹ̀wà ti ń jinná nínú rẹ̀ láti òru. Wọ́n rántí October 1973, bí ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀ nínú àwẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀dà búlúù kun gíláàsì fèrèsé kí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá má baà rí iná. Wọ́n rántí ọdún 1975 tí Umm Kulthum, olórin ńlá ilẹ̀ Íjíbítì, kú, bí èrò ṣe gba pósí lọ́wọ́ àwọn tó gbé e, tí wọ́n ń gbé e kọjá láti èjìká dé èjìká káàkiri ìgboro. Gbogbo ìyẹn ò sọnù. Fìlà tí wọ́n bọ́ lánàá nìkan ni wọn ò rí.

Bọ̀ọ̀dá Sulé ni wàhálà. Ọ̀dọ̀ wọn ni páspọ́ọ̀tù Bàbá wà láti ìgbà tí wọ́n ti Hájì dé, wọ́n sì ní àwọn ò ní gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní kí ni arúgbó ń wá lọ sí aṣálẹ̀. Wọ́n ní kí n fi owó náà tún òrùlé tó ń jò ṣe. Wọ́n ní ẹsẹ̀ Bàbá ńkọ́, mo ní kẹ̀kẹ́ wà ní pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi ń ti àwọn àgbà. Wọ́n ní ooru ńkọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́. Nígbà tí mo dáhùn gbogbo rẹ̀ tán ni wọ́n wá sọ èyí tó wà nínú wọn gan-an: “Bí ọlọ́jọ́ bá dé bá wọn lọ́hùn-ún ńkọ́? Ọjọ́ náà ni wọn á sin wọ́n, a ò sì ní mọ sàréè bàbá wa.”

Yétúndé, ẹnu mi wọhò. Ohun tí mo ń rò lóru nìyẹn gan-an, tí mi ò jẹ́ kó jáde lẹ́nu. Bàbá wà lórí àga wọn, a rò pé wọ́n ti sùn lọ. Wọn ò la ojú, wọ́n ní, “Sulé, ta ló fi hàn ọ́ pé Ìbàdàn ni mo máa kú sí?” Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ.

Jẹ́ kí n sọ ètò tí mo ti ṣe. October ni mo mú. Láti June dé August, ooru Luxor àti Aswan ní gúúsù Íjíbítì máa ń ju 40 dígíríì lọ, ìyẹn ò ṣeé dágbá lé. December ló tutù dáadáa, ṣùgbọ́n o mọ December ní Gbági, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù pa nígbà yẹn, kí ni mo fẹ́ jẹ títí ọdún tuntun? February ọdún tó ń bọ̀ sì bọ́ sínú àwẹ̀. October wá ní ohun kan tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìtàn wa ní kíláàsì, èyí tí èmi àti ìwọ jọ ya sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀: ilé òrìṣà Abu Simbel, tí ọba Ramesses Kejì gbẹ́ sínú òkè, tí ère rẹ̀ mẹ́rin jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìkọ̀ọ̀kan ga tó 20 mítà. Ní 22 February àti 22 October, oòrùn àárọ̀ máa ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà, á rin nǹkan bí 60 mítà wọ inú òkè náà, á tàn sára ère mẹ́ta nínú mẹ́rin tó jókòó sí ìkángun. Ìkẹrin, ère òrìṣà Ptah, kì í rí ìmọ́lẹ̀ náà gbà. Inú òkùnkùn ni àwọn tó gbẹ́ ẹ ti fẹ́ kó wà, wọ́n sì mọ ọ̀nà oòrùn débi pé wọ́n rí i ṣe.

Èyí tó tiẹ̀ mú mi jù ni pé ibi tí ilé náà wà tẹ́lẹ̀ kọ́ ló wà mọ́. Nígbà tí wọ́n ń mọ ìdídò ńlá Aswan, omi fẹ́ bò ó. Láàárín 1964 sí 1968, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè dá owó jọ, wọ́n fi ayùn rẹ́ òkè ọ̀hún sí wẹ́wẹ́, wọ́n gbé e gòkè ní nǹkan bí 65 mítà, wọ́n tún un tò bó ṣe wà. Mo sọ èyí fún Bọ̀ọ̀dá Sulé lórí fóònù, mo ní wọ́n gbé odidi òkè kí omi má baà gbé e lọ, àwa wá ń sọ pé a ò lè gbé bàbá ẹyọ kan dé ibi tí ọkàn wọn wà. Wọ́n gé fóònù.

Bàbá fúnra wọn ò débẹ̀ rí, ṣé o gbàgbọ́? Gbogbo ọdún tí wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́, wọn ò kọjá Giza. Owó ọkọ̀ lọ sí Luxor, wọ́n ní àwọn fi ń jẹun. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé Ramesses yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó jẹ́ Fáráò ayé Ànábì Músá, wọ́n dìde jókòó. O mọ wáàsí wọn lórí ọ̀rọ̀ yẹn, bí Ọlọ́run ṣe sọ pé òun máa gba ara rẹ̀ là kó lè jẹ́ àmì fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òkú ọba náà wà ní Káírò, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Fustat. Ní April 2021 ni wọ́n kó òun àti àwọn ọba àti ayaba mọ́kànlélógún mìíràn lọ síbẹ̀, wọ́n tò wọ́n sínú ọkọ̀ la ìgboro kọjá, pẹ̀lú ìbọn ẹ̀yẹ, bí ìgbà tí ọba tó wà láàyè bá ń kọjá. Bàbá ní àwọn fẹ́ dúró níwájú rẹ̀ kí àwọn wo ojú rẹ̀.

Nítorí náà, Jímọ́ọ̀ Azhar ni àkọ́kọ́. Wọ́n kọ́ mọ́sálásí náà tán ní 972, mo sì ti rí àwòrán àgbàlá rẹ̀, mábù funfun báláú. Ọjọ́ kejì, ìsinmi pátápátá. Lẹ́yìn náà Fustat. Ibẹ̀ ni tìrẹ wà: ṣọ́ọ̀ṣì Abu Serga ò jìnnà sí i rárá, èyí tí wọ́n ní Jésù, Màríà àti Jósẹ́fù sá pamọ́ sí nígbà tí Hẹ́rọ́dù ń lépa wọn. Mọ́sálásí Amr, àkọ́kọ́ ní gbogbo Íjíbítì, wà nítòsí ibẹ̀ bákan náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pírámíìdì, tí wọ́n ṣí ní November 2025, a ò gbọ́dọ̀ fò ó. Gbogbo ẹrù ọba Tutankhamun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú jáde ní 1922, tó lé ní 5,000, ti wà lójú kan níbẹ̀ báyìí.

Oúnjẹ má bà ọ́ lẹ́rù. Ewédú ni wọ́n ń jẹ! Bàbá ní wọn ò fi ìjábẹ̀ já a, ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ méjì ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á dín aáyù lé e lórí. Sóbò náà kún ibẹ̀, gbígbóná àti tútù.

Àwọn ìròyìn tó kù: ọmọ Ìyá Bíọ́lá ti ṣègbéyàwó, tìráńsífọ́mà àdúgbò wa ti jóná, olùkọ́ ìtàn wa ti fẹ̀yìn tì. Màmá yín le dáadáa, mo gbé èlùbọ́ lọ fún wọn ní Mọ́nìyà, wọ́n sì bú mi pé mo rù.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí. Lálẹ́ àná, Bọ̀ọ̀dá Sulé pè padà. Wọ́n ní bí nọ́ọ̀sì kan bá wà láàárín wa, àwọn á gbé páspọ́ọ̀tù sílẹ̀. Mo ní nọ́ọ̀sì wo. Ìwọ ni wọ́n dárúkọ. O mọ ìdí tó fi jẹ́ ìwọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí, kí ọkọ rẹ má baà bá a pàdé.

Yétúndé, dákun, wá. Gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ láti 15 October sí 25. Físà tiwa ló máa gba wàhálà. Ìwọ tí o ní páspọ́ọ̀tù ìlú ọba, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wàá ti gba tìrẹ. Yàrá kan náà ni èmi àti ìwọ máa sùn, èmi ni màá san owó hòtẹ́ẹ̀lì, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ nìkan ló kù sí ọ lọ́wọ́. Àmínù ọmọ mi ń bá wa lọ, òun ló máa bá Bàbá wẹ̀. Láti Aswan dé Abu Simbel tó 300 kìlómítà nínú aṣálẹ̀ kìkì, ó sì dájú pé kílẹ̀ tó mọ́ la máa kúrò. Bí o bá rí i pé kò yẹ wọ́n, Àmínù á dúró tì wọ́n létí odò Náìlì, èmi àti ìwọ á lọ wo oòrùn wa.

Bó bá sì jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì, o mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá, sọ ọ́ fún mi láìfi bò. Lẹ́nu ẹlòmíràn, mi ò ní gbà. Lẹ́nu rẹ, màá gbà, màá sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn. Mo ti fi àwòrán káàdì ilé ìwòsàn wọn àti orúkọ oògùn tí wọ́n ń lò sínú àpò ìwé yìí, kí o wò ó dáadáa.

Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni àjọ kàn mí. Ọjọ́ tí mo bá gbà á ni màá san owó ọkọ̀, nítorí náà mo nílò èsì rẹ ṣáájú. Bí o bá gbà, Bọ̀ọ̀dá Sulé ni kí o kọ́kọ́ pè, kì í ṣe èmi. Ọjọ́ Àìkú ni kí o pè wọ́n, lẹ́yìn aago mẹ́rin, wọ́n á ti ti ìpàdé dé, wọ́n á ti jẹun.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Sìdíkátù