Kí olùkọ́ tó bá fẹ́ lọ má ṣe sá lọ

Olóòtú,

Láti Kàbà dé Ìsánlú, nígbàkígbà tí ìjọba bá gba olùkọ́, tàbí tí ilé-ìwé tó ń sanwó dáadáa ní Lọ́kọ́ja bá pe èèyàn, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé àdáni wa: olùkọ́ á pòórá láàárín sáà, ẹni tó ni ilé-ìwé á sì gbéjà ko onídùúró rẹ̀. Àdéhùn iṣẹ́ kì í ṣe ìwọ̀fà. Ilé-ẹjọ́ kì í fipá mú olùkọ́ padà sí kíláàsì; owó ni wọ́n lè bá a fà.

Kí olùkọ́ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ, kí ó ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Kí ó wo iye ọjọ́ nótíìsì, bóyá ó lè fi owó dípò rẹ̀, àti bóyá ilé-ìwé ti sanwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó gbà láti fi ọdún iṣẹ́ san padà. Àwọn kan máa ń gbára lé abala 11 Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, tó fún ẹni tó ti lo ju oṣù mẹ́ta lọ àmọ́ tí kò tíì lo ọdún méjì ní nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n ka abala 91 náà: ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú kúrò lára òṣìṣẹ́ tí òfin yẹn ń bójú tó, ó sì ṣòro kí olùkọ́ má bọ́ sára wọn. Ohun tó wà nínú àdéhùn ni kí ó tẹ̀ lé. Bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan, oṣù kan ló bójú mu fún ẹni tó ń gba owó oṣù.

Kí ó tẹ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì. Ọjọ́ tó kọ ọ́, ipò rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ti tó. Èébú kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, torí ọjọ́ yẹn ni nótíìsì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kí ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó má sì pa á rẹ́. Bí iṣẹ́ tuntun kò bá lè dúró, kí wọ́n jọ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń gba 45,000 náírà, tó ti ṣe ọjọ́ 20 nínú ọjọ́ 30 nótíìsì rẹ̀, lè bẹ̀ wọ́n pé kí òun san 15,000 tó kù. Kó gba rìsíìtì.

Ìwé-ẹ̀rí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ̀dà ni kí olùkọ́ fi sílẹ̀ nígbà tó ń gbaṣẹ́. Kí ó fi ojúlówó hàn wọ́n, kó sì mú un lọ sílé. Bí ilé-ìwé bá ti dì í mú, kí ó kọ̀wé béèrè rẹ̀, kó dá ọjọ́ fún wọn, lẹ́yìn náà kí lọ́yà kọ tirẹ̀. Kó má lọ búra ní kóòtù pé ó sọnù. Irọ́ ìbúra jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kì í sì í tẹ ìwé-ẹ̀rí lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ọlọ́pàá tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba onídùúró, abala 32 Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn torí pé àdéhùn yẹ̀ nìkan. Ó dùn wá pé pásítọ̀ tàbí àbúrò bàbá tó kàn ṣe olùkọ́ lóore ló ń jìyà èyí nílùú tí gbogbo wa ti mọra.

Síbẹ̀, ẹni tó ń kọ́ SS3 ní ìṣirò, kó gbìyànjú kó má lọ kí WAEC tó parí. Kí ó fi máàkì, rẹ́jísítà, ìwé kíkà àti kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé-ìwé, ẹ kọ iye nótíìsì tí ẹ̀yin náà yóò fún olùkọ́ sínú àdéhùn, kí ẹ sì fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ sí i.

Àwa olùkọ́ ilé-ìwé àdáni kan,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí