Fàràńdà Tí Mo Sanwó Rẹ̀ Kò Sí Nínú Ìwé Ilé Mi

Adéwọlé,
Ìlọrin.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń ta ilé òkè òkun,
Ìlọrin.

Alhaji,

Àsàlámù aláékùm. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ fúláàtì tí ẹ tà fún mi ní Dubai ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Mo ti bá àwọn ọmọ ọ́fíìsì yín sọ ọ́ lẹ́nu títí. "A máa pè yín padà, Màmá," kò sì sẹ́ni tó pè. Mo wá fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀.

Ìwé tí ẹ fi polówó ilé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Yàrá kan àti pálọ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fàràńdà méjì tí kò ní òrùlé, gbogbo rẹ̀ 1,240 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóòró. 900 dirham, owó Dubai, ni ẹ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó já sí 1,116,000. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣe é fìka tẹ fàràńdà ńlá lórí àwòrán, ó ní, "Màmá, ibí lẹ ó máa jókòó sí lẹ́yìn ìrun Ìṣáì." Fàràńdà yẹn gan-an ló wọ̀ mí lójú. Kí ni èmi tí mo dàgbà sínú agboolé fẹ́ fi ilé tí wọ́n sé mọ́nú dígí ṣe?

Ilé parí, ìwé ilé jáde láti ọ̀dọ̀ ìjọba Dubai, 920 ni mo bá nínú rẹ̀: 790 fún inú ilé, 130 fún fàràńdà kékeré. Fàràńdà ńlá, 320 ẹsẹ̀ bàtà, kò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tí mo ń ti Ùmúrà bọ̀, mo gba Dubai kọjá kí n lè fojú ara mi rí i. Alhaji, ilẹ̀kùn dígí tó já síbẹ̀ láti pálọ̀ mi, wọ́n tì í pa. Mo wo òde láti inú. Ẹ̀rọ amúlétutù àwọn ará òkè ni wọ́n tò ti ògiri lọ rẹrẹ, wọ́n ń fẹ́ ooru sí dígí mi, omi ń kán láti ara ọ̀kan sínú rọ́bà ọ̀dà. Òṣìṣẹ́ kan ń sá àkísà ìnulẹ̀ níbẹ̀. Ó rí mi, ó juwọ́ sí mi. Èmi náà juwọ́ sí i. Alábòójútó ilé ní ti gbogbo ará ilé ni ibẹ̀, ọwọ́ òun sì ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ọmọ yín tí mo pè láti ibẹ̀ ní ẹni tó bá ń ra ilé nílẹ̀ àjèjì gbọ́dọ̀ máa gba irú rẹ̀ mọ́ra. Irọ́ ni. Òfin tí wọ́n ṣe ní Dubai ní 2006 fún àjèjì láyè láti ra ilé kó di tirẹ̀ pátápátá, ní àwọn agbègbè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Pé mo jẹ́ àjèjì kọ́ ló gba fàràńdà lọ́wọ́ mi, ìwé ìpolówó yín ni. Àwọn tó ń tọ́jú ilé náà pàápàá, lórí 920 ni wọ́n ṣírò owó ìtọ́jú ọdọọdún tí wọ́n ní kí n san. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń ka 1,240.

Ó ku ti owó àkọ́san. Wọn ò tíì kọ́ ilé náà tán nígbà yẹn, òfin Dubai ti 2007 sì ní inú àkáǹtì àkànṣe tí wọ́n ṣí fún iṣẹ́ ilé bẹ́ẹ̀ nìkan ni kí owó àwọn tó ń rà á máa wọ̀. Àkáǹtì yín ní Ìlọrin níbí lẹ ní kí n san án sí. 50,000 dọ́là ni; ìgbà tí rìsíìtì yín dé ni mo tó rí i pé 3.50 dirham lẹ ṣẹ́ dọ́là kan. Láti 1997 ni dọ́là kan ti wà ní 3.6725 dirham, kì í lọ, kì í bọ̀. Mo ti ń ná ọjà Dubai kí ẹ tó ṣí ọ́fíìsì, Alhaji. 8,625 dirham ló wọlẹ̀ sáàárín. (Ti ìwé ìgbélùú ọdún mẹ́wàá tí àwọn ọmọ yín fi ń dá ọmọ mi lọ́kàn le, mi ò tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́. Ilé tó bá tó 2,000,000 dirham ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fúnni.)

Ẹ dá owó 320 ẹsẹ̀ bàtà padà fún mi, 288,000 dirham, pẹ̀lú 11,520 tó jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún tí mo san lórí rẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀, àti 8,625 yẹn. Bí ẹ bá ní ẹni tó kọ́lé ló jẹ owó, ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ yín ló wà lórí rìsíìtì mi. Ẹ má sì fi ẹ̀dínwó ilé mìíràn lọ̀ mí.

Ẹ̀dà gbogbo ìwé ti wà lọ́dọ̀ lọ́yà mi. Bí oṣù yìí bá parí tí n kò gbúròó yín, mo ń kó o lọ bá àjọ FCCPC tí òfin 2018 gbé kalẹ̀ láti máa jà fún oníbàárà, lẹ́yìn náà ilé ẹjọ́ gíga. Mi ò tíì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ọjà Ọba, àwọn tó fẹ́ rà lọ́wọ́ yín sì wà nínú wọn.

Ẹ má rán ọmọ sí mi mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ dá mi lóhùn, lórí ìwé.

Èmi ni oníbàárà yín,
Alhaja S. A.