Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ àti Igi Ìbòji láti Ọjà dé Ilé Ẹ̀kọ́: Ìpè fún Ìrànlọ́wọ́ Gbogbo Ọmọ Ìlú

Sí gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa nílé, l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ábújá, ní Kútọnu, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, Wales àti Houston.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àìgbàgbé ilé. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ iṣẹ́ kò bèèrè owó géètì ìlú lọ́wọ́ yín, a kò sì bèèrè owó gbọ̀ngàn. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni ọ̀nà tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lálàáfíà láti ẹnu ọjà dé ẹnu ilé ẹ̀kọ́, mítà 600, pẹ̀lú igi ìbòji 60 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gba títì yẹn lójoojúmọ́ kò ní mọ́tò. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n, ìyá tó ru ẹrù ọjà ni, àgbàlagbà tó ń lọ sí mọ́sáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Gọ́tà tí kò ní ìdérí wà lápá kan wọn, ọ̀kadà ń sáré lápá kejì. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, etí gọ́tà ni ẹlẹ́sẹ̀ ń yà sí.

Títì wa na láti àríwá sí gúúsù. Apá ìwọ̀-oòrùn ni iṣẹ́ yóò wà, nítorí òpó àti wáyà iná ti gba apá ìlà-oòrùn, igi tí wọ́n bá sì gbìn sábẹ́ wáyà, àwọn òṣìṣẹ́ iná ni yóò bẹ́ ẹ lórí nígbẹ̀yìn. Ìdí mìíràn tún wà. Bó bá ti di aago méjì ọ̀sán tí àwọn ọmọ ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn ti ń ta. Igi tó bá wà lẹ́yìn ọ̀nà lápá yẹn, orí ọ̀nà gan-an ni òjìji rẹ̀ yóò bọ́ sí. Igi kan náà tó bá wà lódìkejì, inú ṣọ́ọ̀bù olóṣọ́ọ̀bù ni òjìji rẹ̀ ń lọ.

Bí ẹ bá dúró lórí ọ̀dà tí ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, síláàbù tó bo gọ́tà lẹ máa kọ́kọ́ kàn. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, orí rẹ̀ sì ga ju ọ̀dà lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí táyà má lè kàn gùn ún bó ṣe wù ú. Intálọ́ọ̀kì tó fẹ̀ tó mítà 1.1 ló tẹ̀ lé e. Méjèèjì papọ̀ di mítà 2, àga onítáyà méjì sì lè pàdé lórí rẹ̀ kí èkíní má yẹ̀ fún èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, mítà 1.5 tó kù kó tó kan ògiri ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ti igi àti ti àwọn ìyá ọlọ́jà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà yìí ni irú iṣẹ́ báyìí ti máa ń bàjẹ́. Wọ́n á bo gọ́tà tán, lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àtẹ tòmátì ti jókòó lórí rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ á tún padà sórí ọ̀dà. Lílé kì í yanjú rẹ̀, nítorí ibi tí èrò ń gbà kọjá tí òjìji sì wà ni ẹni tó ń tajà ń wá. Abẹ́ igi gan-an la kúkú fún wọn. Bíi mítà 10 ló wà láàárín igi kan sí èkejì, àtẹ mẹ́ta sí mẹ́rin yóò sì gba ibẹ̀ láìtẹ ọ̀nà. Ìyálọ́jà ni yóò pín ààyè náà, kì í ṣe àwa.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí síláàbù, torí òun ló máa gba owó yín jù. Inú gọ́tà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. A fẹ́ kí síláàbù jókòó sórí ògiri gọ́tà ní sẹ̀ǹtímítà 15 lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn ló fi jẹ́ 90. Fífẹ̀ rẹ̀ ní gígùn títì jẹ́ 60, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Mítà 600 yóò jẹ 1,000 síláàbù. Níbi tí mọ́tò ti ń wọ ilé, bí mítà 60 lápapọ̀, síláàbù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 kò lè gbà á. 100 síláàbù tó máa wà níbẹ̀ yóò nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, pẹ̀lú írìn mìlímítà 16. Írìn mìlímítà 12 márùn-ún ni yóò dá àwọn yòókù dúró, mìlímítà 10 márùn-ún yóò sì dábùú wọn. Írìn 12 gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ síláàbù, bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí ìdí rẹ̀, kí ó sì na láti ògiri gọ́tà kan dé èkejì. Bíríkìlà tó bá kó írìn sókè tàbí tó dábùú rẹ̀ lódìkejì ti dá síláàbù tí yóò kán lójú ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn.

Sìmẹ́ńtì kan, iyanrìn méjì, gíránáìtì mẹ́rin ni àdàlù rẹ̀. Báàgì sìmẹ́ńtì 50 kílò kan kò pé síláàbù mẹ́ta tán. Gbogbo iṣẹ́ náà yóò gba bíi báàgì 363, a sì ń wá 380 nítorí èyí tó bá fọ́ tàbí tó dà nù. Iyanrìn yóò tó tọ́ọ̀nù 40, gíránáìtì 75. Omi ni wọ́n sábà máa ń pọ̀ jù nínú àdàlù, torí kọnkéré tó ṣàn rọrùn fún ẹni tó ń pò ó. Ọkọ́ gbọ́dọ̀ lè wa á bí ẹ̀bà líle ni, kì í ṣe bí ẹ̀kọ mímu. Lẹ́yìn wákàtí 24 a ó tú mòòdù, a ó fi àpò bò ó, a ó sì máa bu omi sí i fún ọjọ́ méje, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fa omi rẹ̀ gbẹ kíákíá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, mọ́tò kò sì gbọdọ̀ gùn ún kó tó pé ọjọ́ 28. Pẹ̀lú mòòdù 40, ọjọ́ iṣẹ́ 25 ni 1,000 yóò gbà.

Gọ́tà tí wọ́n bò pa láìfi ẹnu sí i burú ju gọ́tà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lọ. Òjò á rọ̀, omi ò ní rí ibi wọlé, títì á di odò. Ní gbogbo síláàbù márùn-ún, ìyẹn mítà 3, a ó dá ẹnu kan sí ògiri gọ́tà lápá títì, sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìbú, kò sì ní ga ju 5 lọ kí ẹsẹ̀ ọmọdé má bàa wọ̀ ọ́. Síláàbù kọ̀ọ̀kan yóò ní ihò méjì tí ìkọ́ irin yóò wọ̀, torí ó wúwo tó 130 kílò: ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e nígbà tí a bá fẹ́ kó ẹrẹ̀. Kí a tó bò ó rárá, a ó kó gbogbo ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò.

Nípa írìn, ẹ má fi ojú wọn ọ́n. Ọ̀pá mìlímítà 12 tó gùn ní mítà 12 gbọ́dọ̀ wọ̀n tó kílò 10.6, ti mìlímítà 10, kílò 7.4. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà tí wọ́n ń pè ní 12 kò tó 12. Ìwọ̀n la ó gbé lọ síbi tí a bá ti fẹ́ rà á, èyí tí kò bá wọ̀n tó, a kò ní rà.

Ní ti igi, dongoyárò 30 àti terminalia mantaly 30 la yàn, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ to ní ìpele ìpele. A ó gbìn wọ́n ní ìkan yọ ìkan, kí àrùn tó bá mú irú kan má bàa kó gbogbo òjìji lọ. A mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè igi masquerade torí ó dúró ṣánṣán lójú, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ kò tó adìẹ bò. Fúrúùtù ní òjìji dáadáa, àmọ́ ewé ńláńlá rẹ̀ ń wọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì dí ẹnu gọ́tà. Panṣéké rẹwà, gbòǹgbò rẹ̀ ń rákò lókè ilẹ̀, yóò gbé intálọ́ọ̀kì dìde. Ọdán yẹ iwájú ààfin tí ààyè gbà á, kò yẹ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Máńgòrò ńkọ́? Tí ẹ bá gbin máńgòrò sẹ́nu ilé ẹ̀kọ́, òkúta ni ẹ ń pè sójú gíláàsì mọ́tò.

Kòtò igi kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ mítà 1 níbùú àti lóròó, yóò sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 80. Ilẹ̀ dúdú tòkè la ó yà sọ́tọ̀, òun la ó pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà, ìdá méjì ilẹ̀ sí ìdá kan ìgbẹ́. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó gbòǹgbò. Bí gbòǹgbò bá ti ká yípo nínú ọ̀rá, ẹ fi ọ̀bẹ là á níbi mẹ́ta kí ẹ tó gbìn ín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi náà yóò dàgbà ní yíyí, ìjì yóò sì wó o. Ẹnu kòtò kò gbọdọ̀ rí sìmẹ́ńtì láéláé. Ọgbà ọparun tó ga tó mítà 1.5 ni yóò yí i ká, torí ewúrẹ́ tó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde yóò já orí igi tó wà nínú ọgbà kúkúrú. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, kẹ́ẹ̀gì omi 25 lítà kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni igi kọ̀ọ̀kan yóò máa mu, fún ọdún méjì. Igi 60 yóò mu 3,000 lítà lọ́sẹ̀ kan. Omi yìí ni owó tí ẹnikẹ́ni kì í rántí, àìsí rẹ̀ ló sì ń pa igi tí wọ́n ti ya fọ́tò lé lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ológeere lọ́tọ̀, ọ̀dà wa kò fẹ̀ ju mítà 7.3 lọ. Bí a bá gé mítà 1.5 lápá kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ méjì kò ní lè pàdé mọ́. Orí ọ̀dà náà ni kẹ̀kẹ́ yóò máa gbà, ohun tí a ó dín kù ni eré mọ́tò. Òfin gba kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú. Ìwé òfin ojú pópó ti Britain fi hàn pé ọkọ̀ tó ń sá 30 máìlì, ìyẹn bíi kìlómítà 48, nílò mítà 23 kó tó dúró; tó bá jẹ́ 20 máìlì, mítà 12 ni. Ẹ̀yin ará Wales mọ̀ ọ́n, torí 20 máìlì yẹn ló di òfin lórí ọ̀pọ̀ títì láàárín ìlú yín láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Èkó náà ti gbé ìlànà kan jáde ní 2018 fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn oníkẹ̀kẹ́.

Pátákó nìkan kò lè dín eré kù níbí. A ó ṣe ibi ìsọdá méjì tó ga, ọ̀kan lẹ́nu ọjà, ọ̀kan lẹ́nu ilé ẹ̀kọ́. Wọn ò ní rí bíi bọ́ǹpù ṣóńṣó tó ń fọ́ abẹ́ mọ́tò. Gíga wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, bákan náà pẹ̀lú síláàbù, orí wọn tẹ́jú ní mítà 4, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọn jẹ́ mítà 1.8 lápá méjèèjì. Ìwé àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wa ká tó bẹ̀rẹ̀ èyí. Irin ìso kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá yóò wà lẹ́nu ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún kẹ̀kẹ́ méjì.

Àwọn òpó kúkúrú yóò dúró síbi tí mọ́tò ti lè gun ọ̀nà, mítà 1.2 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kò ní lè kọjá, torí ó fẹ̀ tó mítà 1.3. Ọ̀kadà yóò kọjá. Àlàfo tó bá lè dí ọ̀kadà yóò dí àga onítáyà pẹ̀lú, nítorí náà àdéhùn pẹ̀lú àwọn olórí ọlọ́kadà ni a ó fi dá a dúró, kì í ṣe kọnkéré.

Owó ọjà kì í dúró sójú kan, ìyẹn ni a kò ṣe fi náírà pín in. Ìpín 100 ló wà. Ìpín kan jẹ́ mítà 6, síláàbù mẹ́wàá: báàgì sìmẹ́ńtì mẹ́rin, ọ̀pá írìn mìlímítà 12 mẹ́rin, ọ̀pá mìlímítà 10 mẹ́ta, ní iye tí wọ́n bá ń tà wọ́n lọ́jọ́ tí ẹ san án. Èyí tó bá lé la ó fi ra írìn 16. Ìdílé kan lè gba ìpín kan, ẹ̀ka kan lè gba mẹ́wàá. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lè mú báàgì kan. Ìpín igi jẹ́ 60, tó ní igi, ọgbà ọparun, ìgbẹ́ màlúù àti omi ọdún méjì. Iyanrìn, gíránáìtì, intálọ́ọ̀kì sukúwè mítà 700, ibi ìsọdá àti irin ìso kẹ̀kẹ́ wà lọ́rùn àpò ẹgbẹ́.

Akápò ẹ̀ka yín nìkan ni kí ẹ gba nọ́ńbà àkáǹtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe san án sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín, kódà bó bá pe ara rẹ̀ ní alága. Ẹni mẹ́ta ní í fọwọ́ sí owó kó tó jáde, rìsíìtì àti fọ́tò ìwọ̀n írìn yóò sì máa dé orí WhatsApp ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù.

Kí owó pé kó tó di òpin oṣù kẹwàá. Oṣù kọkànlá dé oṣù kejì la ó da síláàbù, oṣù kẹta la ó kó ẹrẹ̀ tí a ó sì tẹ́ wọn, oṣù karùn-ún la ó gbẹ́ kòtò, igi yóò wọlẹ̀ ní oṣù kẹfà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Bó bá fi di ìgbà ọ̀dá oṣù kẹjọ, ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ nílé ni yóò gbẹ́ kòtò. Kí ìdílé tí kò lè san owó mú ọ̀dọ́ méjì wá pẹ̀lú dígà.

Ìdílé tó bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ hàn, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀kan nínú síláàbù mẹ́wàá rẹ̀ kó tó gan. Kí orúkọ náà má kọjá lẹ́tà 20, ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, torí kọnkéré tó bá ti gan kò ní àtúnkọ.

Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́, fún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú