Lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí èjìká ń dùn

Ọmọ mi àtàtà,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì tún un gbọ́ kí n tó sùn. O ní dókítà kò ní jẹ́ kí o gbá gọ́ọ̀fù rárá títí sáà ìdíje yìí yóò fi parí, kóòṣì sì ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ láàárín àwọn márùn-ún tó ń rìnrìn àjò lọ gbá fún ẹgbẹ́ yín. O wá rẹ ohùn sílẹ̀, o ní ọdún kẹta rẹ ní yunifásítì ti ṣòfò. Mi ò fẹ́ dá ọ lóhùn lórí fóònù, torí ẹkún ni ìwọ yóò sun, èmi náà á sì máa pe òwe tí mi ò ronú sí. Mo kọ ọ́ síta báyìí nítorí pé ìwọ nìkan kọ́ lọmọ wa tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, èmi nìkan kọ́ sì ni àgbàlagbà tó ń fi ìbéèrè kan ṣoṣo dá ọmọ lágara.

"Ṣé o borí?" Láti ọdún àkọ́kọ́ rẹ ni mo ti ń bi ọ́. O rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá tó kọjá? O ń ṣàlàyé fún mi bí o ṣe dé ihò kẹtàdínlógún, tí omi wà níwájú, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ọ lójú, tí o sì pinnu láti gbá bọ́ọ̀lù kí ó dúró sí ìhín omi. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìwọ tí mo mọ̀ ìbá gbá a pẹ̀lú ìbínú, bọ́ọ̀lù ìbá sì rì. Àlàyé yẹn gba ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, inú rẹ sì dùn débi pé o ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fi dá ọ lóhùn ni pé ṣé o borí. O dákẹ́, o ní, "Rárá, Bàbá Kékeré," o sì ní kí n kí ìyá rẹ. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Ìwọ lo kọ́kọ́ fi fídíò Rachel Heck, ọmọbìnrin tó ń gbá gọ́ọ̀fù, hàn mí ní ọdún 2021, nígbà tí o ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama níbí. Ọmọ Memphis ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni, yunifásítì Stanford ló sì ń gbá fún. Àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ wọn ṣe ìdíje kankan ní apá ìparí ọdún 2020, síbẹ̀ nínú oṣù díẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ọmọ ọdún àkọ́kọ́ náà gba ife-ẹ̀yẹ mẹ́fà, títí kan ti Pac-12, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tí Stanford wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ti agbègbè, àti ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní pápá Grayhawk ní Arizona. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ ìtàn rẹ̀ mọ nìyẹn. Èmi náà ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo sì fi orúkọ rẹ kún un.

Ohun tó tẹ̀lé e ló kàn ọ́. Lọ́dún kejì, Rose Zhang dé sí ẹgbẹ́ kan náà, ó sì borí nínú ìdíje méjìlá nínú ogún tó bá wọn ṣe ní Stanford. Òun ló gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ní 2022 àti ní 2023, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó sì sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́ ajé ní 2023, ó borí nínú ìdíje àkọ́kọ́ tó bá wọn dù ní New Jersey, ohun tí obìnrin kankan kò ṣe mọ́ láti ìgbà Beverly Hanson ní 1951. Ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ní fi ara rẹ̀ wé e? Láàárín àkókò yẹn, àìsàn dá Heck dúró ní 2022. Ní 2023, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nítorí ohun tó ń fún iṣan ara pọ̀ níbi tó ti ń gba abẹ́ ọrùn lọ sí apá. Kò jìnnà sí ibi tó ń dùn ọ́.

Ó padà. Ní 2024, ọdún kẹrin rẹ̀, Stanford gba ife-ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ ní La Costa ní California, ó sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní oṣù díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ló ti kọ̀wé síta pé òun kò ní fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ajé, pé iṣẹ́ ológun òfúrufú tí òun ti ń gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti yunifásítì wà níwájú òun. Mi ò sọ èyí kí o lè fi gọ́ọ̀fù sílẹ̀ o. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ fẹ́ da ilé rú. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọdún kẹrin ọmọ náà kò jọ ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ rárá, mi ò sì rò pé ó kéré sí i.

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ka iye. Ẹni márùn-ún ló ń gbá, ti ẹni mẹ́rin tó dára jù ni wọ́n ń kà. Nígbà tó bá sì ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ ní ìdíje orílẹ̀-èdè, ẹnì kan á kojú ẹnì kan, mẹ́ta nínú márùn-ún ló ń borí, àmì ẹni karùn-ún kò sì kéré sí ti ìràwọ̀ wọn. Òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti pẹ́ tó ti fún akẹ́kọ̀ọ́ ní sáà mẹ́rin láàárín ọdún márùn-ún. Béèrè lọ́wọ́ kóòṣì rẹ, ní tààrà, bóyá wọ́n lè fi sáà yìí pamọ́ fún ọ nítorí ìpalára náà. Má ṣe tijú béèrè.

Nípa èjìká yẹn, mo ní ẹ̀sùn kan. Èmi tí mo ṣe kádì, tí mo ń bá àwọn ọ̀gá gbé àpò igi gọ́ọ̀fù wọn, fún ọdún mẹ́sàn-án kò tíì gbà pé ẹ̀yin ọmọ yunifásítì ni ẹ ń gbé àpò yín fúnra yín, ihò mẹ́rìndínlógójì lóòjọ́ nígbà mìíràn. Láyé tiwa, iyanrìn tí wọ́n fi epo pò la fi ń ṣe ibi tí ihò wà, kò sí koríko níbẹ̀. Kí ọ̀gá tó ti bọ́ọ̀lù, èmi ni mo máa fi pákó gbá ojú ọ̀nà rẹ̀ kí ó tẹ́jú, apá ọ̀tún mi sì ń dùn mí títí di òní. Nígbà tí dókítà bá gbà ọ́ láàyè, ra kẹ̀kẹ́ àpò tí wọ́n ń tì. Èmi ni máa san owó rẹ̀.

Putter, igi tí o fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, tí o fi sílẹ̀ níbí ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, mo sì ti nù ún. Tí o bá pè lọ́jọ́ Àìkú, sọ fún mi ohun tí o rí bí o ṣe jókòó tí o ń wo àwọn yòókù tí wọ́n ń gbá. Mo fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ihò kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni,
Bàbá Kékeré rẹ,
Ìbàdàn.