Ẹ bá wa fi iye òjò kún ìròyìn àjọṣepọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbàkígbà tí àwọn onímọ̀ láti òkè òkun bá ti bá tiwa tọwọ́ bọ̀wé àjọṣepọ̀ lórí ìyípadà ojú ọjọ́, iye owó àti orúkọ àwọn tó wà níbi ìpàdé la máa ń kà. Ibi tí àkọsílẹ̀ tí wọ́n kó jọ wà, ẹni tó lè rí i gbà, àti ohun tí àgbẹ̀ Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin wa lè fi ṣe, ìwé ìròyìn kì í sábà dé bẹ̀.

Ẹ wo Ṣábẹ̀. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, ó wà lára ibùdó ńlá mẹ́ta tí iṣẹ́ ìwádìí DACCIWA, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náwó sí, gbé irinṣẹ́ kalẹ̀ sí. Kumasi ní Gánà àti Ilé-Ifẹ̀ ní Nàìjíríà ni méjì yòókù. Àwọn onímọ̀ láti Karlsruhe ní Jámánì àti Toulouse ní Faransé ló wà nídìí ti Ṣábẹ̀. Wọ́n ń fi bàlúùnù wọn ìgbóná, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ òkè, kí wọ́n lè mọ bí ìkúùkuu tó rẹlẹ̀ ṣe ń kóra jọ lóru, tó sì máa ń bo oòrùn mọ́lẹ̀ títí di ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń ti ìhà òkun wọlé lálẹ́ wà lára ohun tí wọ́n rí pé ó ń fà á. Àkọsílẹ̀ yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìdí tí olùkọ́ físíìsì ní CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba, tó wà nílùú náà kò fi ní máa fi kọ́ ọmọ.

Òjò ló kan àgbẹ̀ jù. Yunifásítì California ní Santa Barbara ń gbé àkọsílẹ̀ kan jáde tí wọ́n ń pè ní CHIRPS: òjò láti ọdún 1981 títí di ìsinsìnyí, lórí ilẹ̀ tí wọ́n pín sí àpótí kéékèèké tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún àbọ̀. Ẹnikẹ́ni lè gbà á láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì tí wọ́n fi ń ṣe é kì í rí òjò bó ṣe ń kán sílẹ̀. Bí orí ìkúùkuu ṣe tutù tó ló ń wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fojú díwọ̀n òjò abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó fi nọ́ńbà tí àwọn ibùdó orí ilẹ̀ fi ránṣẹ́ tún un ṣe. Ìkúùkuu tó rẹlẹ̀ kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ lórí, nítorí náà òjò wínníwínní rẹ̀ kì í sábà hàn. Níbi tí ibùdó orí ilẹ̀ bá sì ti dákẹ́, ìfojúdíwọ̀n nìkan ló kù. Ẹ̀dà CHIRPS tó kọ́kọ́ jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀ kì í ní nọ́ńbà ibùdó tó pọ̀. Èyí tó pé á di oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ nínú àtẹ kan á rí ìyàtọ̀ tí ojú ọjọ́ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ti orí ilẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Láàárọ̀, agogo méje wa, tí í ṣe mẹ́fà GMT, ni ẹni tó ń ṣọ́ ibùdó máa ń da omi inú ìwọ̀n òjò sínú gíláàsì tí wọ́n fàlà sí lára, á ka mìlímítà rẹ̀, á sì kọ ọ́ sábẹ́ ọjọ́ àná. Òjò tó bá rọ̀ ní agogo méjì òru mọ́jú ọjọ́ 12, ọjọ́ 11 ni ìwé ibùdó á kọ ọ́ sí, nígbà tí àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì, tó ń ka ọjọ́ láti òru dé òru, á kọ ọ́ sí ọjọ́ 12. Ẹni tó bá fi wọ́n wéra lọ́jọ́ sí ọjọ́ á ní ọ̀kan ń purọ́. Bí wọ́n bá ro ó pọ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, púpọ̀ nínú aáwọ̀ náà á parẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà. Tiwa tí a tò sí èdè Faransé ń kọ 12,5 pẹ̀lú kọ́mà. Ti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, àmì ìdánudúró ni. Bí fáìlì bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sọ́dọ̀ èkejì, 12,5 lè di 125. Òjò 125 mìlímítà lọ́jọ́ kan kì í ṣe ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà fi ń ríbi sá pamọ́ sí. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ka nǹkan kan, -9999 ni ọ̀pọ̀ fáìlì ń fi síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣírò ìyẹn mọ́ òjò, àṣírí á tú kíá. Èyí tó burú ni kí ó fi 0 rọ́pò rẹ̀: ọ̀dá tí kò dá á wọ ìwé, kò sì ní sẹ́ni tó máa fura. Àdírẹ́sì ibùdó ńkọ́? Kétu wà ní nǹkan bíi dígírì 7 àti ìṣẹ́jú 21 ní àríwá, èyí tó jẹ́ 7.35, nítorí ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló wà nínú dígírì kan. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní 7.21 ti gbé ìlú náà lọ sí gúúsù ní kìlómítà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àpótí CHIRPS bíi mẹ́ta.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé fẹnu kò lórí ìlànà tuntun pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa fún ara wọn ní àkọsílẹ̀ tó ṣe kókó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìlànà kì í san owó ẹni tó ń ka ìwọ̀n òjò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àjọṣepọ̀ tó bá ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, tí kò ní owó kírẹ́díìtì fóònù ẹni yẹn, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìdí tí nọ́ńbà ojoojúmọ́ fi ṣe pàtàkì rèé. Ìlànà kan tí àwọn onímọ̀ ń lò fún ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni pé kí ó pé 20 mìlímítà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀gbẹlẹ̀ má sì ju ọjọ́ méje lọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. 20 mìlímítà jẹ́ 20 lítà lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Bí apá kejì ìlànà náà bá kùnà, àgbàdo tó ti hù á jóná, irúgbìn á tún di rírà. Àròpọ̀ oṣù kò lè fi èyí hàn: oṣù kan lè ní 120 mìlímítà kó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló rọ̀.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ bá wa fi àyè kékeré sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá láàárín oṣù kẹta sí ìkọkànlá. Ẹ kọ orúkọ ibùdó, iye mìlímítà ojoojúmọ́, ibi tí nọ́ńbà ti wá, bóyá èyí tó kọ́kọ́ jáde ni tàbí èyí tó pé. Ọjọ́ tí wọn kò bá kà, ẹ kọ “kò sí” síbẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Kétu